Bọ́láńlé láàárín àwọn Haúsá: ẹ gbà mí nímọ̀ràn lórí orúkọ ọmọ

Bàbá Ìkókó, Kubwa

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Ìyàwó mi bí obìnrin lánàá, Ọjọ́rú. Ọmọ Ìkìrun ni mí, ọmọ Katsina ni òun, Mùsùlùmí sì ni àwa méjèèjì. Bọ́láńlé ni orúkọ tí ìyá mi fi ránṣẹ́ láti ilé. Nígbà tí ìyá ìyàwó mi gbọ́ ọ, ó dákẹ́. Lẹ́yìn náà ló ní kí ìyàwó mi sọ fún mi pé "bola" ni Haúsá ń pe ààtàn, pé kí a má ṣe sọ ọmọ di ẹni tí wọn ó máa fi ṣẹ̀sín nílé ìwé. N kò fẹ́ kí ìyá méjèèjì tìtorí ọmọ jòjòló bínú síra wọn. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà rí lóòótọ́? Kí la lè ṣe tí Bọ́láńlé kò fi ní í sọnù? Orúkọ Mùsùlùmí wo ló máa rọrùn láti pè nílé méjèèjì? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún bá mi wo ti ìwé ìbí, torí mo ń gbọ́ pé ibẹ̀ ni orúkọ ti sábà máa ń bàjẹ́.

Olùkọ́ Èdè, Zaria

Ẹ kú ewu ọmọ. Òótọ́ ni ìyá ìyàwó yín sọ. Bola ni ibi tí wọ́n ń da pàǹtírí sí. Òun náà ló wà nínú "bola jari", iṣẹ́ àwọn tó ń ti ọmọlanke kiri àdúgbò láti kó irin àlòkù. Jari ni owó tí a fi ń dá òwò sílẹ̀. Ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ náà ti sọ ààtàn di owó òwò nìyẹn.

Ibi tí orúkọ méjèèjì ti kọlu ara wọn ni fáwẹ̀lì. Márùn-ún péré ni Haúsá ní: a, e, i, o, u, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n lè fa ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn. Kò sí ọ, kò sí ẹ. Ọ tiwa di o lẹ́nu wọn, ẹ di e, ni Bọ́lá bá di bola tààrà. Gb náà kò sí lọ́dọ̀ wọn, ìdí nìyẹn tí Gbénga àti Gbóyèga kì í fi í dún bó ṣe yẹ lẹ́nu ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá.

Ṣùgbọ́n Bọ́láńlé kọ́ ni bola. "Bá ọlá ní ilé" ni: ọmọ tó wá sáyé, tó bá ọlá nílé. Bọ́lá tí a gé kúrú ló ń dá wàhálà sílẹ̀, gígé náà sì ti mú ìtumọ̀ lọ kó tó dé etí Haúsá rárá. Bọ́lájí, Bọ́lárìnwá, Adébọ́lá, gbogbo wọn ló ń di Bọ́lá, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó jí bá ọlá kì í ṣe ẹni tó bá ọlá rìn wá. Yorùbá lè gé orúkọ níwájú, ó sì lè gé e lẹ́yìn. Ẹ gé ti iwájú kúrò kó ku Láńlé. Ọjọ́ ìsọmọlórúkọ gan-an ni kí ẹ ti kéde rẹ̀ fún gbogbo ilé, torí ìkékúrú tó bá ti mọ́ ọmọ lára lọ́dún kìíní kì í kúrò bọ̀rọ̀.

Irú ìkọlù yìí pọ̀ níhìn-ín. Ẹni tí a dá láre là ń pè ní Dáre, òru sì ni dare lédè Haúsá. Ládi tiwa, tí a gé lára Ọládiípọ̀, ọkùnrin ló sábà máa ń jẹ́ ẹ; obìnrin tí a bí lọ́jọ́ Àìkú ni Ladi tiwọn. Tani ni obìnrin tí a bí lọ́jọ́ Ajé, Yorùbá tó bá sì gbọ́ ọ á rò pé ìbéèrè ni wọ́n ń bi òun.

Ìyá Ìdòwú, Sabon Gari, Kano

Ẹ kú ọwọ́ lómi o. Kí ẹ tó padà lọ bá ìyá ìyàwó yín, ẹ mọ èyí: àwọn Haúsá gan-an a máa sọ ọmọ ní orúkọ ààtàn. Ajuji lorúkọ náà, láti ara juji, òkìtì pàǹtírí. Ìyá tí ọmọ ti kú mọ́ lọ́wọ́ léraléra ni wọ́n ń ṣe é fún. Wọ́n á gbé èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bí lọ sí ààtàn bí ẹni fẹ́ sọ ọ́ nù, wọ́n á sì tún gbé e padà, kí ikú lè rò pé ọmọ tí kò níye lórí ni. Bawa, tó túmọ̀ sí ẹrú, wà nínú ẹbí yẹn, Barau náà, ọmọ tí a fi sílẹ̀ fúnni. Ẹ ò rí i pé ọmọ ìyá ni wọ́n pẹ̀lú àbíkú tiwa? Akísàátán, kò sí àkísà mọ́ láti fi di òkú rẹ. Kòsọ́kọ́, kò sí ọkọ́ láti fi gbẹ́ ilẹ̀. Ìgbẹ́kọ̀yí, igbó tí a ń ju òkú àbíkú sí ti kọ èyí.

Nítorí náà, ìyá náà mọ iṣẹ́ tí orúkọ ń ṣe, ó ṣeé ṣe kó mọ̀ ọ́n jù yín lọ. Ọmọ tí kò sí ikú lẹ́yìn rẹ̀ ni kò fẹ́ kí wọ́n máa pe ààtàn mọ́. Ẹ gbọ́ ọ yé bẹ́ẹ̀, ẹ má pè é ní ẹlẹ́yàmẹ̀yà. Ẹ jókòó tì í, kí ẹ túmọ̀ Bọ́láńlé fún un ní Haúsá látìbẹ̀rẹ̀ dópin, kó mọ̀ pé ọlá ni ọmọ náà bá nílé ọkọ ọmọ òun.

Tí ẹ bá ń wá ohun tí ẹ jọ máa sọ, àwọn orúkọ tó bára mu pọ̀. Hassan àti Hussaini, tàbí Hassana àti Usaina, ni ìbejì. Ọmọ tó tẹ̀ lé wọn ni Gambo, Ìdòwú tiwa gẹ́lẹ́. Ọmọ tó ní ìka mẹ́fà ni Cindo, àwa ní Olúgbódi. Ọmọ tó pẹ́ nínú ju oṣù rẹ̀ lọ ni Shekarau, láti ara shekara, ọdún, Ọmọ́pẹ́ nìyẹn. Ọmọ tí a bí nígbà òjò ni Anaruwa, tiwa ni Béjidé. Wọ́n tún ní Tanko, ọkùnrin tó dé lẹ́yìn obìnrin mélòó kan, àti Kande, obìnrin tó dé lẹ́yìn ọkùnrin mélòó kan. N kò rí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí Yorùbá fi ń pe àwọn méjì yẹn, ó sì wù mí ká ní in.

Ọjọ́rú lẹ sọ pé ẹ bí i? Kò sí ohun tó máa dí ìyá àgbà lọ́wọ́ láti pè é ní Laraba tàbí Larai. Orúkọ ọjọ́ ni: Talatu fún Ìṣẹ́gun, Lami fún Ọjọ́bọ̀, Jummai fún Jímọ̀, Asabe fún Àbámẹ́ta. Ẹ jẹ́ kó máa pè é bẹ́ẹ̀, kò gba ipò ẹnikẹ́ni.

Ààfáà, Tudun Wada, Kaduna

Ní ti orúkọ Mùsùlùmí, ẹ mú èyí tí ilé méjèèjì ti ń pè tipẹ́, kí ẹ sì mọ ohun tí ẹnu kálukú máa sọ ọ́ dà. Khadija ń di Dije lẹ́nu Haúsá, Àdíjátù lẹ́nu wa. Maryam ń di Mairo, ó ń di Mọ̀ríámọ̀. Fatima ń di Fati, tiwa ni Fàtímọ̀. Ẹni tó bá ń bèèrè ibi tí "tù" inú Àdíjátù ti wá, Lárúbáwá ni: tí wọ́n bá ka orúkọ obìnrin bẹ́ẹ̀ ní kíkún, -atu ló ń gbẹ̀yìn rẹ̀. Yorùbá kì í fi kọ́ńsónáǹtì parí ọ̀rọ̀, ló ṣe di fáwẹ̀lì ìkẹyìn yẹn mú.

Ẹni tó bí ọkùnrin tó sì ń ka èyí, kó ṣọ́ Sani. Èkejì ló túmọ̀ sí. Haúsá a máa to àwọn Muhammad inú ilé kan tẹ̀ léra: Awwal tó di Lawal ni èkíní, Sani, Salisu, Rabiu, Hamisu títí lọ. Tí ẹ bá sọ àkọ́bí ní Sani, wọ́n á bi yín pé èkíní dà. Orúkọ tó jẹ́ ti Ọlọ́run nìkan náà, bíi Rahman, ẹ má yọ Abdul kúrò níwájú rẹ̀.

Ọjọ́ ìsọmọlórúkọ kò ní í fa àríyànjiyàn. Ọjọ́ keje ni, mẹ́sábù (ẹ̀ka òfin ẹ̀sìn) Málíkì tí a sì ń tẹ̀ lé níhìn-ín kì í ka ọjọ́ ìbí tí ọmọ bá dé lẹ́yìn àfẹ̀mọ́júmọ́. Láti Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ keje jẹ́ Ọjọ́rú tó ń bọ̀. Yorùbá ń ka ọjọ́ ìbí mọ́ ọn, ọjọ́ kẹjọ tiwa bọ́ sí Ọjọ́rú kan náà. Tó bá ṣáájú àfẹ̀mọ́júmọ́ ni ẹ bí i, Ìṣẹ́gun ni keje.

Bàbá Ìkókó, Kubwa

Ẹ ṣeun gan-an. Ọ̀sán ni a bí i, Ọjọ́rú ni nìyẹn. Maryam ni orúkọ ìyá ìyàwó mi fúnra rẹ̀. Tí a bá fi sọ ọmọ ń kọ́?

Ìyá Ìdòwú, Sabon Gari, Kano

Ẹ ti parí ìjà. Takwara ni Haúsá ń pe àwọn méjì tó ń jẹ́ orúkọ kan náà, ọlá ńlá ni fún ìyá àgbà. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu tí ìyàwó yín kò bá pe ọmọ náà ní Maryam láéláé. Orúkọ ìyá rẹ̀ ni, kunya, ìtìjú tí àṣà Haúsá ń béèrè, kò ní í jẹ́ kó pè é gbàgede, pàápàá tó bá jẹ́ àkọ́bí. Mama tàbí Hajiya ni yóò máa pè é. Tí ọmọ bá fẹ́ wọ ilé ìwé, ẹ kọ́ ọ ní orúkọ inú ìwé rẹ̀ kó máa dáhùn nígbà tí olùkọ́ bá pè é.

Ọmọ Ìlọrin, Minna

Ẹ fi oríkì kún un fún ìyá tiyín: Àbẹ̀ní, Àṣàkẹ́, Àmọ̀kẹ́, èyíkéyìí tó bá wù wọ́n. Kò ní láti wọ inú ìwé kankan.

Akọ̀wé, Gwagwalada

Ọ̀rọ̀ ìwé ló kù. Àjọ Ètò Ìkànìyàn, NPC, ló ń fúnni ní ìwé ìbí, ọjọ́ 60 ni òfin 1992 fi sílẹ̀ láti forúkọ ọmọ sílẹ̀. Ẹ má pe orúkọ sétí akọ̀wé, ohun tó bá gbọ́ ló máa kọ. Ẹ kọ ọ́ sórí ìwé ní lẹ́tà ńlá, kí ẹ nà án sí i, kí ẹ sì ka èyí tó kọ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó kúrò níwájú rẹ̀.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù níhìn-ín ni ti orúkọ ìdílé. Lókè Ọya, ọ̀pọ̀ ọmọ ló ń fi orúkọ tí bàbá ń jẹ́ gan-an ṣe orúkọ ìkẹyìn. Ẹni tó mọ́ lára lè fi orúkọ yín sí ibi tó yẹ kí orúkọ ìdílé wà, ọmọ yín á sì yàtọ̀ sí ẹ̀gbọ́n àti àbúrò rẹ̀ nínú ìwé. Ẹ tọ́ka sí i fún un.

Maryam, Mariam, Maryamu, Moriamo: ènìyàn mẹ́rin ni wọ́n lójú kọ̀ǹpútà. Ẹ mú ọ̀kan, kí ó jẹ́ bákan náà lórí káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára, ìwé ìbí, NIN àti fọ́ọ̀mù ilé ìwé. Tí wọ́n bá yàtọ̀, ẹ̀yin lẹ máa lọ búra ní kóòtù, tí ẹ máa polongo nínú ìwé ìròyìn, tí ẹ máa tún sanwó àtúnṣe.

Àmì ohùn kì í wọ páálí ìrìnnà (páásípọ́ọ̀tù) níbi tí ẹ̀rọ ti ń kà á. Ìlà tí ẹ̀rọ ń kà nísàlẹ̀ rẹ̀ gba A dé Z nìkan, àyè 39 ló sì ní fún orúkọ. Àyè méjì ni wọ́n ń fi sílẹ̀ lẹ́yìn orúkọ ìdílé, ọ̀kan láàárín orúkọ yòókù. Ká ní Adebayo ni orúkọ ìdílé: 7, àyè 2, Maryam 6, àyè 1, Bolanle 7, àpapọ̀ 23. Ẹ ní 16 tó kù. Ẹni tó bá fi Oluwafunmilayo kún un ti lo 15 níbẹ̀ (àyè 1, lẹ́tà 14), orúkọ mìíràn lẹ́yìn rẹ̀ kò ní í wọlé, ẹ̀rọ á gé e.

Torí pé ẹ̀rọ kò lè tọ́jú àmì, ẹ̀yin ni kí ẹ kọ Bọ́láńlé tàmìtàmì sórí káàdì ìsọmọlórúkọ, kí ẹ sì fi ọ̀kan pa mọ́ fún ọmọ.

Bàbá Ìkókó, Kubwa

Maryam Bọ́láńlé ni, Láńlé ni a ó máa pè é. Olùkọ́, ẹ dákun, ṣé Láńlé kò ní ohun burúkú kankan lẹ́nu Haúsá?

Olùkọ́ Èdè, Zaria

Ọ̀rọ̀ tí mo mọ̀ tó sún mọ́ ọn ni lalle, láàlì tí wọ́n ń lé fún ìyàwó lọ́wọ́ àti lẹ́sẹ̀.