Báwo ni mo ṣe lè wọn oúnjẹ ọmọ tó ń bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jẹun nínú àwo kan?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin onímọ̀ oúnjẹ, mò ń ṣèwádìí ní Àkúrẹ́ lórí oúnjẹ àwọn ọmọ kéékèèké nínú ìdílé tí owó kò fi bẹ́ẹ̀ sí. Mo máa ń bi ìyá léèrè ohun tí ọmọ jẹ ní wákàtí 24, ṣùgbọ́n ìyá ti lọ sọ́jà láti àárọ̀, ìyá àgbà ló fún ọmọ ní ẹ̀kọ, lẹ́yìn náà ló bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jẹ àmàlà nínú àwo kan, adìyẹ sì ṣa èyí tó dà sílẹ̀ jẹ. Ìlànà WHO àti UNICEF, tó ní kí ọmọ oṣù 6 sí 23 jẹ ìsọ̀rí oúnjẹ 5 ó kéré tán nínú 8, kò béèrè bó ṣe pọ̀ tó. Ṣé kí n gbé òṣùwọ̀n lọ ni (mo fura pé oúnjẹ àlejò ni wọn yóò sè), àbí ṣíbí àti ife ilé wọn tó?