Ìbàdí àti ọrùn tó ń dun awakọ̀: ìfọwọ́ra, ìwo tàbí agbo ọpá-ẹ̀yìn?

Àbúrò_Ìkòròdú
Ẹ kúulé o. Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi ni mo ń béèrè fún. Awakọ̀ ni, ẹni ọdún 46, Ìkòròdú sí CMS lójoojúmọ́. Ìbàdí àti ọrùn ti ń dùn ún láti oṣù 8 sẹ́yìn. Wọ́n ti ya X-ray, kò sí eegun tó yẹ̀. Dikilófẹ́náàkì, oògùn ìrora tó ń lò, ti ń ta á nínú. Nínú omi gbígbóná, ìfọwọ́ra, ìwo, agbo àti bẹ́líìtì ìbàdí, èwo ni kó náwó sí?

Físíò_Yábàá
Kó fi bẹ́líìtì sílẹ̀. Nínú ìlànà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní oṣù Kejìlá 2023 lórí ìbàdí dídùn tó ti pẹ́ lára, wọn ò fọwọ́ sí i. Eré ìdárayá àti ìfọwọ́ra wà lára ohun tí wọ́n fọwọ́ sí.

Omi gbígbóná ò dá wo nǹkan sàn, ọ̀nà ló ń là. Kó ri táwẹ́ẹ̀lì bọ omi gbígbóná, kó fún un dáadáa, kó fi aṣọ gbígbẹ wé e, kó gbé e lé ìbàdí fún ìṣẹ́jú 15 sí 20. Bó bá ti gbé e kúrò ni kó bẹ̀rẹ̀ eré, nígbà tí iṣan ṣì rọ̀. Ọ̀pọ̀ ló máa ń sùn lọ síbẹ̀, tí ara á tún le padà.

Ti ìbàdí: kó fi ọwọ́ àti eékún tẹlẹ̀, kó gbé ẹ̀yìn sókè bí ológbò tí ajá ká mọ́ igun, kó rọra jẹ́ kó dẹ̀ wálẹ̀. Ìgbà 10, láàárọ̀ àti lálẹ́.

Ti ọrùn: kó fa àgbọ̀n sẹ́yìn bí ẹni tí wọ́n fẹ́ na ìka sí lójú, kó dúró bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 5, ìgbà 10. Ẹlòmíì á tẹrí ba kí àgbọ̀n kan àyà. Ìyẹn kọ́ o, iwájú ni kí ojú máa wò. Go-slow Third Mainland dára fún un, bí ọkọ̀ bá dúró pátápátá.

Bí ìrora bá ń kúrò lẹ́sẹ̀ bọ̀ wá sí àárín ìbàdí, ó ń dáa nìyẹn. Bó bá ń sọ̀ kalẹ̀ kọjá orúnkún, kó dá eré yẹn dúró. Kó sì yọ pọ́ọ̀sì kúrò lápò ìdí.

Ọlọ́wọ́_Ẹ̀rọ̀
Òrí tàbí àdín àgbọn, síbí 1 tó. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀pá ẹ̀yìn ni àtàǹpàkò ń rìn, kì í gun orí eegun. Kí wọ́n ti ìdí bẹ̀rẹ̀, iṣan ibẹ̀ a máa le lára awakọ̀. Ìṣẹ́jú 30, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ lọ́ ọrùn kó lè dún "kẹ́", kó sá fún un. Iṣan ẹ̀jẹ̀ tó gba inú eegun ọrùn lọ sí ọpọlọ lè ya, rọpárọsẹ̀ sì lè tẹ̀ lé e. Bó bá fi rọ́ọ̀bù para, kó má gbé omi gbígbóná lé e, á bó o lára.

Nọ́ọ̀sì_Múṣin
Ìwo tí wọn ò sín gbẹ́rẹ́ sí, àpá dúdú ló ń fi sílẹ̀, á sì parẹ́. Abẹ ni wàhálà. Bí oníwo ò bá já abẹ tuntun lójú rẹ̀, kó dìde: HIV àti jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ (hepatitis) ń gba ibẹ̀ wọlé. Ìwo fúnra rẹ̀ náà, ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíì lè wà nínú ẹ̀.

Agbo ọpá-ẹ̀yìn ti gáréèjì, ògógóró ni wọ́n sábà fi ń rẹ ẹ́. Ọtí àti dikilófẹ́náàkì lè dá egbò sí ikùn. Ìgbẹ́ dúdú bí ọ̀dà ni àmì pé ó ti ń ṣẹ̀jẹ̀. Inú tó ń ta á yẹn, kó tètè sọ fún dókítà. Alágbo á ní jẹ̀dí ni. Jẹ̀dí wo ló ń dun ọrùn?

Bí abẹ́ bá kú tipiri, tí kò lè di ìtọ̀ mú, tàbí tí ẹsẹ̀ ń rọ, ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.

Àbúrò_Ìkòròdú
Ẹ ṣeun gan-an. Wọ́n tún ní kó máa sùn sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Físíò_Yábàá
Kò pọn dandan. Fóòmù tí kò bá ti rì láàárín ti tó. Bó bá fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, kó ki ìrọ̀rí bọ àárín eékún, kí ti orí sì ga tó èjìká. Kó má ṣáà dojúbolẹ̀ sùn, ọrùn á wà ní lílọ́ títí ilẹ̀ á fi mọ́.