Báwo ni mo ṣe lè parí ìpàdé èmi àti màmá opó tí mò ń gbà nímọ̀ràn láìdá ọgbẹ́ mìíràn sí wọn lọ́kàn?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe iṣẹ́ ìgbaninímọ̀ràn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí.

Màmá kan ń wá sọ́dọ̀ mi lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ n'Íbàdàn látìgbà tí ọkọ wọn ti kú. Mo ti yí ohun díẹ̀ padà kí ẹnikẹ́ni má baà dá wọn mọ̀. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ dé, wọn kì í rí oorun sùn, wọn ò sì lè ṣílẹ̀kùn yàrá bàbá. Ní báyìí, wọ́n ti padà sí ìsọ̀, wọ́n ti pín aṣọ olóògbé fún ẹbí. Ọwọ́ ti tẹ ohun tí a jọ fẹnu kò sí. Lójú tèmi, ó ti tó àkókò láti parí ìpàdé wa.

Ṣùgbọ́n bí mo ṣe mẹ́nu bà á, wọ́n di ọwọ́ mi mú: "Ọmọ mi, ṣé ìwọ náà fẹ́ lọ ni?" Ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lọ́kàn mi.

Mo ń rò ó pé ká máa ríra lọ́sẹ̀ méjì-méjì, lẹ́yìn náà lóṣooṣù, kí ìpàdé ìkẹyìn wà fún àgbéyẹ̀wò ọ̀nà tí a ti bá bọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe é rí, ìpàdé mélòó ló yẹ kó ṣẹ́kù kí n tó dá ọjọ́ fún wọn? Tí wọ́n bá pè mí lálẹ́ lẹ́yìn tí a ti parí ńkọ́? Wọ́n tiẹ̀ ní àwọn máa ra aṣọ fún mi. Àgbà ni wọ́n, bí mo bá kọ̀ ọ́, ó lè dùn wọ́n gan-an. Ẹgbẹ́ opó wà ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn, àmọ́ wọn ò tíì yọjú síbẹ̀. Ṣé kí n dúró dìgbà tí ara wọn bá mọlé níbẹ̀ kí n tó yọwọ́?