Irin olójú mẹ́ta àti ìgò kan nínú oko: ṣé ti gíláídà ogun ni?

Adéọlá, Dorset: Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Oko ni mo ti ń ṣiṣẹ́ níhìn-ín, kò jìnnà sí pápákọ̀ òfurufú àtijọ́ ti Tarrant Rushton. Nígbà tá a ń túlẹ̀, katakata hú irin ńlá kan tó ti dógùn-ún. Ojú mẹ́ta ló ní, ọ̀kan lápá kan, méjì lápá kejì. Okùn jíjẹrà díẹ̀ àti wáyà tín-ín-rín kan ṣì há sínú rẹ̀. Ìgò irin kan tún wà nítòsí, wọ́n fi wáyà wé e yíká, adé àti lẹ́tà AM sì wà lára rẹ̀. Ẹnì kan ní ti gíláídà ayé ogun Hitler ni. Kí lẹ rí sí i? Ṣé mo lè gbé e lọ sílé?

Baba Tólú: Àbúrò, má gbé nǹkan kan o! AM yẹn, Air Ministry ni, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀ràn bàálù nígbà náà. Àmọ́ aago ògiri wọn pàápàá ní àmì yẹn lára, kò fi dandan sọ pé ti gíláídà ni.

Ẹ̀gbọ́n Wálé: Ojú mẹ́ta yẹn ni kó o wò. Gíláídà kò ní ẹ́ńjìnnì, bàálù mìíràn ló ń fi okùn fà á gòkè. Imú ni wọ́n ti ń so okùn mọ́ Waco ti àwọn ará Amẹ́ríkà. Ti Horsa, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe, okùn rẹ̀ ya sí méjì, ọ̀kan lọ sí apá ọ̀tún, ọ̀kan sí apá òsì. Ó jọ pé ibi tó ti ya yẹn ni irin rẹ wà. Wáyà tẹlifóònù sì bá okùn náà lọ, kí àwọn awakọ̀ lókè lè máa bára wọn sọ̀rọ̀. Má rò pé bàálù já síbẹ̀ o: èyí tó fà á máa ń já okùn sílẹ̀ kó tó padà balẹ̀. Tarrant Rushton yìí gan-an ni bàálù Halifax mẹ́fà ti fa Horsa mẹ́fà gbéra lálẹ́ ọjọ́ 5 oṣù Kẹfà, 1944, tí Major John Howard àti àwọn ọmọ ogun rẹ̀ fi lọ gba afárá méjì ní Normandy, nílẹ̀ Faransé.

Ìyá Ìbejì, Tottenham: Ẹ wá gbọ́ o! Harris Lebus, tó ń ṣe àga àti tábìlì ní Tottenham wa níbí, wà lára àwọn tó kan Horsa. Pákó ni o! Abájọ tó fi jẹ́ irin nìkan ló ṣẹ́ kù.

Kúnlé: Tà á fáwọn onírin jàre.

Baba Tólú: Kúnlé, má kó bá ọmọ ọlọ́mọ. Ìgò yẹn ló ń bà mí lẹ́rù. Afẹ́fẹ́ tí wọ́n kì mọ́nú ìgò ni Horsa fi ń sọ fúláàpù, pátákó ẹ̀yìn apá tó ń jẹ́ kó lè rọra balẹ̀, kalẹ̀, òun náà ló fi ń tẹ bíréèkì. Ó lè ṣì wà nínú rẹ̀. Má gbá a, má gé e, má yí ẹnu rẹ̀. Pe ọlọ́pàá lórí 101. Bó o bá rí ohun tó jọ bọ́ǹbù, 999 ni. Sọ fún olóko. Bó bá lọ jẹ́ pé bàálù ogun já síbẹ̀ lóòótọ́, òfin 1986 kò gbà kí ẹnikẹ́ni wa ilẹ̀ náà láìgbàṣẹ.

Ẹ̀gbọ́n Wálé: Ya fọ́tò pẹ̀lú rúlà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Má fọ ìdógùn-ún yẹn, nọ́ńbà lè wà lábẹ́ rẹ̀. Fi ránṣẹ́ sí Army Flying Museum, ilé tí wọ́n ń kó ohun àtijọ́ àwọn awakọ̀ òfurufú ológun sí, ní Middle Wallop.

Adéọlá, Dorset: Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Olóko ti gbọ́, ó ti pe ọlọ́pàá, ẹnikẹ́ni kò sún mọ́ ìgò náà mọ́. Wáyà yẹn, pupa ló rí níbi tó ti kán, bíi bàbà.

Ẹ̀gbọ́n Wálé: Bàbà kẹ̀! Ó jọ wáyà tẹlifóònù tí mo sọ. Ọ̀rọ̀ ti ń bọ́ sójú ẹ̀ nìyẹn. Wọn ojú irin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kó o tó kọ̀wé sí àwọn ará Middle Wallop. Kì í ṣe Horsa nìkan o: Hamilcar, gíláídà tó tóbi tó fi ń gbé táǹkì ogun, gbéra ní Tarrant Rushton náà.