Caliper Camry 2008 lórí Corolla 2005: ṣé yóò wọ̀ ọ́?

Ará_Ṣómólú
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Corolla 2005 ni mò ń wà, rímù 15, dúrọ́ọ̀mù ló wà lẹ́yìn. Bíréèkì ò mú dáadáa mọ́, pàápàá tí èèyàn bá kún ọkọ̀ tí mo sì ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí Third Mainland sí Adéníjí. Mẹkáníìkì ní kí n lọ ra caliper (irin tó ń fi páàdì fún disk mú kí ọkọ̀ dúró) Camry 2008 tòkunbọ̀ ní ọjà Ládípọ̀, pé Toyota ni Toyota ń jẹ́. Ṣé òótọ́ ni? Tí kì í bá ṣe òótọ́, èwo ló lè wọ̀ ọ́, kí sì ni kí n wọ̀n kí n tó sanwó?

Sípánà_Méjìdínlógún
Àbúrò, má tíì lọ. Kó o tó dé orí caliper rárá, disk (àwo irin tó ń yí pẹ̀lú táyà) ló máa kọ́kọ́ dá ọ dúró. Bóòtù márùn-ún ni Corolla 2003 sí 2008 ní, lórí òbírí (àyíká tí àwọn bóòtù tò sí) tó fẹ̀ tó 100 mm. Márùn-ún náà ni Camry 2007 sí 2011 ní, ṣùgbọ́n òbírí tiẹ̀ jẹ́ 114.3. Ihò àárín tún yàtọ̀: 54.1 mm ni ti Corolla, 60.1 ni ti Camry. Disk Camry ò lè jókòó sórí họ́ọ̀bù (ibi tí wọ́n ń de rímù mọ́) rẹ láéláé.

Tí mẹkáníìkì bá wá ní òun á fi disk Corolla rẹ sílẹ̀, pé caliper nìkan lòun fẹ́ pààrọ̀, ìyẹn gan-an ló burú jù. Disk 296 mm tó nípọn 28 ni wọ́n ṣe caliper yẹn fún. Tìrẹ jẹ́ 275, ó nípọn 25. Ká tiẹ̀ ní bracket (irin tó di caliper mọ́ ọkọ̀) rí ibi dì mú, páàdì á yọ kọjá etí disk ní òkè. Apá tó yọ síta yẹn ò ní jẹ, apá tó kan disk ni yóò máa jẹ, títí tí páàdì á fi ní gegele. Lọ́jọ́ tí gegele inú bá kan gegele ìta, o lè tẹ bíréèkì dé ilẹ̀, ọkọ̀ ò ní dúró bó ṣe yẹ.

Kò sì sí ọ̀rọ̀ wọ́ṣà lábẹ́ bracket, tàbí kí wélidà bá ọ gbẹ́ ihò tuntun. Bóòtù méjì péré ló gbé gbogbo bíréèkì ẹsẹ̀ kan dání.

Ìyá_Ẹ́ńjìnì
Matrix 2003 sí 2008 ni kó o béèrè fún, orí ìpìlẹ̀ kan náà ni Toyota kọ́ òun àti Corolla rẹ lé. Síbẹ̀, tú tìrẹ sílẹ̀ kó o mú un dání lọ sọ́jà, kó o mú vernier (irin tí wọ́n fi ń wọn mílímítà) dání pẹ̀lú. Wọ̀n ihò bracket méjèèjì láti àárín sí àárín. Lẹ́yìn náà, wọ̀n ọ́n láti ojú ibi tí bracket ti ń lẹ̀ mọ́ ọkọ̀ dé àárín àlàfo tí disk ń gbà kọjá. Èyí ni wọ́n máa ń gbàgbé: ihò á bára mu, àmọ́ tí ojú yìí bá fi 2 mm péré yàtọ̀, caliper á wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, páàdì inú á máa tán kí ti ìta tó jẹ dé ìdajì.

Písítìn (irin inú caliper tó ń ti páàdì) náà ńkọ́? Ká ní tìrẹ jẹ́ 54 mm, tí tuntun jẹ́ 57. Ó dà bíi pé mílímítà mẹ́ta ò tó nǹkan, ṣùgbọ́n ojú písítìn ti fi nǹkan bí ìdá 11 nínú ọgọ́rùn-ún fẹ̀ sí i. Master cylinder (ẹ̀rọ tó ń ti ọ́ìlì bíréèkì) rẹ ò yí padà, nítorí náà ẹsẹ̀ rẹ á máa lọ sísàlẹ̀ jù kí bíréèkì tó mú. Iwájú á sì máa mú ju ẹ̀yìn lọ. Tí òjò bá rọ̀, táyà iwájú ni yóò kọ́kọ́ gan, tí kò ní yí mọ́.

Kó o tó sanwó, fi sípánà tú bleeder (bóòtù kékeré tí afẹ́fẹ́ ń gbà jáde) níbẹ̀, lójú ẹni tó ń tà á. Tó bá ti dípẹtà pa, ó máa kán sínú nígbà tó o bá délé. Ṣí rọ́bà eruku kó o wo ara písítìn. Ibi tó bá ti ní kòtò ìpẹtà, má rà á.

Ará_Ṣómólú
Ẹ ṣeun gan-an, mà. Tí mo bá rí ti Matrix, báwo ni wọ́n ṣe ń dè é?

Sípánà_Méjìdínlógún
Méjèèjì ni kó o rà, ọ̀tún àtòsì. Pààrọ̀ rọ́bà inú kó o tó dè é: èyí tó ní igun mẹ́rin ló ń fa písítìn padà díẹ̀ tó o bá gbẹ́sẹ̀ kúrò. Pin méjèèjì tí caliper ń yọ̀ lórí wọn, gírísì bíréèkì ni kó o fi pa wọ́n. Gírísì lásán máa ń mú rọ́bà wú, pin á sì há.

Bí wọ́n ṣe máa le tó nìyí: bóòtù bracket, 107 Nm (ìwọ̀n agbára tí a fi ń de bóòtù). Bóòtù pin, 34. Bóòtù hose (rọ́bà tó ń gbé ọ́ìlì wá sínú caliper), 30, pẹ̀lú wọ́ṣà kọ́pà tuntun méjì, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Orí hose Toyota ní èèkàn kékeré tó gbọ́dọ̀ wọnú ihò lára caliper. Tí kò bá wọ̀ ọ́, hose á lọ́, á sì máa fara kan táyà tó o bá yí ìdarí.

Bleeder gbọ́dọ̀ wà lókè. Tó bá wà nísàlẹ̀, wọ́n ti gbé ti ọ̀tún sí òsì nìyẹn. Kò sí bó o ṣe lè fún un tó tí afẹ́fẹ́ á fi jáde. Ọ́ìlì bíréèkì DOT 3 tuntun ni kó o lò, má sì jẹ́ kí ike ọ́ìlì gbẹ nígbà tí ẹ bá ń bleed (lé afẹ́fẹ́ jáde). Máa tẹ ẹsẹ̀ bíréèkì títí tó fi le kí ọkọ̀ tó kúrò lójú kan.

Ọ̀gá_Fàdákà
Ẹ dákun, ó yẹ ká tún bi í ní ohun kan. Ta ló sọ pé caliper ló ń dà á láàmú? Disk Corolla yẹn, 23 mm ni ìpẹ̀kun tínínrín rẹ̀. Tó bá ti kéré sí i, ẹ jù ú nù. Ẹ wò ó bóyá pin há, bóyá ojú páàdì ń dán bíi dígí. Ọ́ìlì ńkọ́? DOT 3 tuntun kì í hó kó tó dé 205°C, ṣùgbọ́n tó bá ti fa omi mu, 140 ti tó. Ọ̀rinrin Èkó kì í jẹ́ kó pẹ́. Kí wọ́n sì ṣí dúrọ́ọ̀mù ẹ̀yìn: tí ṣúù (páàdì inú dúrọ́ọ̀mù) bá ti jìnnà sí i, ẹsẹ̀ á máa wọlẹ̀, iwájú nìkan láá máa ṣiṣẹ́ ẹni méjì. Ẹ fi fọ́tò disk àti páàdì síbí ná, kẹ́ ẹ tó náwó ní Ládípọ̀.