Ṣé dandan ni kí n jẹ́ dókítà kí n tó lè ṣe ìwádìí fáírọ́ọ̀sì?

Àbẹ̀kẹ́_UnderG:
Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọdún kẹta ni mo wà ní LAUTECH, Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, microbiology, ìmọ̀ nípa àwọn kòkòrò tí ojú lásán ò lè rí, ni mò ń kà. Ìwádìí fáírọ́ọ̀sì, àti bí ara ṣe ń bá a jà, ló wù mí ṣe. Ẹ̀gbọ́n mi ní ẹni tí kò bá ti jẹ́ dókítà, ìgò ni yóò máa fọ̀ ní láàbù títí yóò fi fẹ̀yìn tì. Màmá mi, tó ń ta èlùbọ́ ní Takie, ní òun ò tọ́ ọmọ dàgbà kí Ebola wá gbà á lọ́wọ́ òun. I.T., ìgbà tí wọ́n ń rán wa lọ kọ́ iṣẹ́ níta, ti sún mọ́lé, n ò sì mọ ibi tí mo máa kọ lẹ́tà sí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i.

Akin_Omi:
Microbiology ni èmi náà kà. Ilé iṣẹ́ omi ni mo wà báyìí, owó oṣù ń wọlé. Ìwádìí dára o, àmọ́ tètè wá ẹni tí yóò bá ọ san owó másítà.

Bàbá_Láàbù:
Àbẹ̀kẹ́, ọmọ mi, kì í ṣe dandan. Ìmọ̀ ìtọ́jú ẹranko ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Oyewale Tomori kọ́kọ́ kà ní Zaria, kó tó gboyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ fáírọ́ọ̀sì ní Ìbàdàn ní 1976. Láti 1994 sí 2004, òun ni WHO, àjọ ìlera àgbáyé, fi ṣe onímọ̀ fáírọ́ọ̀sì fún ilẹ̀ Áfíríkà, òun ló sì kó àwọn láàbù pólíò ilẹ̀ wa jọ sábẹ́ ìṣọ̀kan. Ẹranko ò sì jìnnà sí iṣẹ́ yìí rárá. Ara eégbọn màlúù ni wọ́n ti rí fáírọ́ọ̀sì tí wọ́n ń pè ní Dugbe, n'Ìbàdàn, ní 1964. Ara asín ni wọ́n ti rí Mokola ní 1968, ìbátan dìgbòlugi ni.

Pólíò ni èmi bá lọ títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ìgbẹ́ ni à ń yẹ̀ wò. Ọmọ tí apá tàbí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá rọ lójijì, wọn á gba ìgbẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó kéré tán wákàtí 24 síra wọn, kí ọjọ́ 14 tó pé. Inú kúlà oníyìnyín ni yóò wà láti abúlé títí dé ọ̀dọ̀ wa. Bí yìnyín bá yọ́ lójú ọ̀nà, fáírọ́ọ̀sì lè kú, èsì á wá ní kò sí nǹkan kan, bẹ́ẹ̀ ọmọ mìíràn ń kó o lọ́wọ́ ládùúgbò yẹn. Ìyẹn ló ń bà mí lẹ́rù ju Ebola lọ.

A ó wá ta omi tí a fà lára ìgbẹ́ náà sórí sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ń pè ní L20B. Sẹ́ẹ̀lì eku ni, ṣùgbọ́n wọ́n ti fi ibi tí pólíò máa ń dì mú lára ènìyàn sí i. Bí o bá rí sẹ́ẹ̀lì náà tó ń ká jọ, tó ń ṣí kúrò lára ìgò, o mọ̀ pé nǹkan ti dé. Nígbà tí wọ́n kéde ní oṣù kẹjọ 2020 pé kò sí pólíò àdánidá — mo ń sọ ti èyí tí kì í ṣe ti àjẹsára — ní Áfíríkà mọ́, àwọn tó ń gbé kúlà lórí ọ̀kadà ni mo kọ́kọ́ rántí.

Kọ lẹ́tà sí ẹ̀ka fáírọ́ọ̀sì ní UCH, ilé ìwòsàn ńlá Ìbàdàn. Kọ sí ACEGID, ibùdó ìwádìí àbùdá kòkòrò àrùn, ní Ẹdẹ náà. Àwọn ló ka àbùdá fáírọ́ọ̀sì Kòrónà ẹni àkọ́kọ́ tó ní in ní Nàìjíríà, ní oṣù kẹta 2020, àkọ́kà irú rẹ̀ ní Áfíríkà.

Àbẹ̀kẹ́_UnderG:
Ẹ ṣé gan-an, sà. Mo ka gbogbo rẹ̀ fún màmá mi. Wọ́n ní kí n bi yín: bí mo bá mú apá ìmúnọ́lọ́jì, ìmọ̀ bí ara ṣe ń bá àrùn jà, nìkan, ṣé n ò ní fọwọ́ kan fáírọ́ọ̀sì?

Bàbá_Láàbù:
Bá mi kí wọn. O ò lè ya ìmúnọ́lọ́jì sọ́tọ̀ kúrò lára fáírọ́ọ̀sì. Ibà pọ́njú jà ní Ògbómọ̀ṣọ́ wa yìí ní 1946. Ẹni tó ti kó o tó sì yè, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni yóò sọ, nítorí àńtíbọ́dì tí ara fi bá fáírọ́ọ̀sì náà jà á ṣì wà níbẹ̀. Inú ẹ̀jẹ̀ ọkùnrin ará Ghana kan, Asibi, ni wọ́n ti rí fáírọ́ọ̀sì náà ní 1927. Fáírọ́ọ̀sì yẹn ni olùwádìí kan, Max Theiler, fi sínú ẹran ara ọmọ adìyẹ tí kò tíì jáde nínú ẹyin, tó ń ṣí i nípò léraléra títí agbára rẹ̀ fi rọ. Àjẹsára tí à ń gbà títí dòní nìyẹn, ó sì gba ẹ̀bùn Nobel fún un ní 1951. Abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo ti tó ẹni fún gbogbo ayé rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọdọọdún ni wọ́n ń tún ti ọ̀fìnkìn líle gbà. Kí ló fa ìyàtọ̀ yẹn? Ẹni tó bá ń wá ìdáhùn sí irú rẹ̀ ni mò ń pè ní onímọ̀ ìmúnọ́lọ́jì.

Má fi òtítọ́ pamọ́ fún ìyá rẹ. Ibà pọ́njú pa olùwádìí kan, Adrian Stokes, ní Èkó ní 1927, lẹ́nu ìwádìí rẹ̀ gan-an. Kò sí àjẹsára nígbà náà. Lónìí, wọn ò gbọdọ̀ jẹ́ kí o wọ láàbù ibà pọ́njú láìgba abẹ́rẹ́ ṣáájú, ó kéré tán ọgbọ̀n ọjọ́ kí ara lè gbaradì dáadáa. Láàbù tí kò bá béèrè ìwé abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ rẹ, má ṣe I.T. níbẹ̀.