Band A ni wa, ₦20,000 kò ju yúníìtì iná 88 lọ. Ta ló ń dá iye yìí?

Màmá Ẹlẹ́ja: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Fíríìsà mẹ́ta ni mo fi ń ta ẹja. Bí mo bá ra káàdì ₦20,000, yúníìtì 88 àti díẹ̀ ló ń wọlé. Ẹni tó wà ní òdìkejì títì, tó jẹ́ Band B, ń gbà ju ìlọ́po mẹ́ta lọ! Iná tiwa kì í sì í pé wákàtí 20 lójúmọ́ tí wọ́n ṣèlérí fún Band A. Ta ló ń dá iye yìí, ibo ni mo ti lè fẹjọ́ sùn?

Ẹnjinía G: Ẹ kú ọjà, Mà. Ìṣirò yẹn pé. ₦209.50 ni yúníìtì kan; pẹ̀lú VAT 7.5%, ó di ₦225.21.

Ilé-iṣẹ́ tó ń pín iná kọ́ ló ń dá iye. Wọ́n á kó ìwé ìnáwó wọn lọ bá NERC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ iná, òun ló máa yẹ̀ ẹ́ wò kó tó pàṣẹ iye tí wọ́n lè gbà. MYTO ni wọ́n ń pe ìlànà yẹn láti 2008. Owó àwọn tó ń pèsè iná ló ń kó èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. Owó TCN, tó ń gbé iná gba orí wáyà ńláńlá, náà wà níbẹ̀. Ó wá ku ti apínná fúnra rẹ̀: irinṣẹ́ tó ń gbó, owó òṣìṣẹ́, èrè lórí owó tí wọ́n dà sí i. Wọ́n á pín àròpọ̀ rẹ̀ sí iye yúníìtì tí wọ́n retí láti tà. Iná tí wọ́n ń jí àti bíìlì tí ẹnikẹ́ni ò san náà ń wọ ìṣirò, àmọ́ ó ní ibi tí àjọ fàyè gbà á dé. Èyí tó bá lé, àpò apínná ni. Ibẹ̀ gan-an ni ìjà máa ń wà.

Akàwé Gáàsì: Ẹ má gbàgbé dọ́là. Dọ́là ni wọ́n fi ń dá iye gáàsì tí wọ́n ń sun. Ní April 2024, Band A fò láti nǹkan bíi ₦68 sí ₦225, láìka VAT. Náírà gbéra díẹ̀, wọ́n já a sí ₦206.80 ní May, kó tó gòkè padà sí ₦209.50. Wọn ò fi kún ti B sí E nígbà yẹn, ìjọba àpapọ̀ ló ń gbé ìyókù. Ìyẹn ni yúníìtì aládùúgbò yín fi pọ̀. Ní Enugu, níbi tí àjọ ìpínlẹ̀ ti ń ṣe iṣẹ́ NERC, àjọ náà tú ìwé ìnáwó apínná wò ní 2025, ó já Band A sí ₦160. Apínná fárígá!

Lọ́yà Àdúgbò: Mà, ẹ kọ́kọ́ bèèrè orúkọ fíìdà yín, ìyẹn wáyà ńlá tó ń gbé iná wá sí àdúgbò yín. Fíìdà ni wọ́n ń wò, kì í ṣe ilé. Bí fíùsì bá jó lórí ọ̀pá yín, ilé yín á ṣókùnkùn, síbẹ̀ fíìdà á pé wákàtí 20 nínú ìwé wọn. Nítorí náà, ẹ máa kọ àkókò tí iná dé àti èyí tó lọ sílẹ̀ lójoojúmọ́, kí àwọn ará ibòmíì lórí fíìdà kan náà kọ tiwọn. Bí fíìdà náà ò bá pé wákàtí 20 fún ọjọ́ méje léraléra, òfin ní kí wọ́n já a sí Band tó bá iná tó ń rí mu.

Ẹ kọ ìwé sí ọ́fíìsì ẹ̀sùn wọn, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí ẹ̀dà tiyín. Ẹ má fi ẹnu lásán sọ ọ́ o. Bí wọn ò bá dáhùn, ó di ọ́fíìsì ẹ̀sùn NERC. Ẹni tó wà ní ìpínlẹ̀ tó ti ní àjọ iná tirẹ̀, bí Èkìtì, Oǹdó tàbí Èkó, àjọ ìpínlẹ̀ rẹ̀ ni kó lọ bá.

Màmá Ẹlẹ́ja: Ẹ ṣeun o. Bí wọ́n bá já wa sísàlẹ̀, ṣé yúníìtì tó wà nínú mítà á pọ̀ sí i?

Ẹnjinía G: Rárá, Mà. Orí káàdì tí ẹ bá rà lẹ́yìn náà ló ti máa hàn. Tí ẹjọ́ bá ti wà nílẹ̀, díẹ̀díẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa rà.